Bí A Ti Ń Gbin Igi Ìrókò, Tí A Sì Ń Tọ́jú Rẹ̀

Òwe kan wà tí kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n: “Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.” A ti fi òwe yìí bá ọmọ aláìgbọràn wí títí, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé igi ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé láti ọjọ́ tí ìrókò ti hù ni ó ti jẹ́ alágbára. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn náà rí. Igi tí ọkùnrin 4 lè na ọwọ́ yí ká, kí ọwọ́ wọn má sì kan ara wọn, igi tí ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 150, ohun ẹlẹgẹ́ ni ní ọdún 3 àkọ́kọ́ rẹ̀. Kòkòrò kan tí kò tó hóró ìrẹsì ní gígùn ni ó máa ń pa á. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn ṣe máa ń wí pé a kì í gbin ìrókò, pé fúnra rẹ̀ ni ó ń hù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. A lè gbìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbìn ín gbọ́dọ̀ mọ̀ pé inú ọdún 3 yẹn ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà, àti pé iṣẹ́ ojú pọ̀ nínú rẹ̀ ju iṣẹ́ ọkọ́ lọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní igi kan tí wọ́n ń pè ní óákù. Àwa náà mọ orúkọ rẹ̀ nínú Bíbélì, nítorí pé nínú ẹ̀ka óákù ni orí Ábúsálómù ti kọ́ nígbà tí ó ń sá lójú ogun. Láyé àtijọ́, óákù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń kan ọkọ̀ ogun wọn, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe àjà ilé ìsìn àti ilẹ̀kùn ilé ọlọ́lá. Irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ìrókò wà lọ́dọ̀ wa: ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, òjò kì í sì í tètè mú un rà. Igi méjèèjì jọra nínú ohun kan tí ó kan ẹ̀kọ́ wa yìí gidigidi, èyí ni pé ẹ̀mí kóró wọn kúrú. Kóró óákù tí ó bá gbẹ ti kú nìyẹn. Àwọn tí ń gbìn ín a máa ṣa á bí ó ti ń já bọ́, wọn a sì tètè fi í sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n óákù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ilẹ̀ tí òtútù líle ń mú lọ́dọọdún lára, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa wá a kiri nígbà tí ìrókò wà lẹ́yìnkùlé wa.

Kí a tó gbin igi, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n dájú. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìrókò ni Milicia excelsa. Nínú àwọn ìwé àtijọ́, Chlorophora excelsa ni ẹ ó bá, nítorí pé ní 1982 ni a yí orúkọ náà padà. Igi kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan nínú ẹbí òdán, ọ̀pọ̀tọ́ àti àfọ̀n ni ìrókò. Bí a bá ṣá a, oje funfun ni yóò sun jáde gẹ́gẹ́ bí tiwọn. Ewé rẹ̀ ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ewé ọmọ ìrókò a máa ha ènìyàn lọ́wọ́, etí rẹ̀ a sì rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Ṣùgbọ́n ewé igi tí ó ti dàgbà ń dán, etí rẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi ọkọ́ hú ọmọ ìrókò dànù pẹ̀lú koríko, kí ó sì gbójú sókè wo ìyá rẹ̀ láì mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ni òun pa.

Ìrókò ní akọ, ó sì ní abo, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí igi náà bá ti wọ́ ewé rẹ̀, akọ a máa yọ ìtànná funfun gígùn tí ń fì sísàlẹ̀ bí ìrù. Ti abo kúrú, ó nípọn, àwọ̀ ewé ni ó sì ní. Abo nìkan ni ń so. Èso rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 2 tàbí 3, ó rọ̀, ó rí bí kòkòrò ewé tí ó sanra, àwọn kóró kéékèèké sì kún inú ẹran rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá kóró lábẹ́ akọ yóò wá a títí. Bákan náà, bí àwọn onípákó bá gé gbogbo akọ àdúgbò kan tán, abo tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀ di àgàn.

N kò lè kọjá níhìn-ín láì mẹ́nu kan ìbẹ̀rù tí ó yí igi yìí ká. Àwọn baba wa gbà pé Olúwéré ń gbé inú rẹ̀, wọn kì í sì í fi àáké kàn án láì ṣe ètùtù. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè rò nípa ìgbàgbọ́ náà, ó dájú pé ó ti dá igi púpọ̀ sí tí ì bá ti di pákó tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí a kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí òkè òkun, wọn kò bá ìrókò níbẹ̀. Ní Kúbà wọ́n yan àràbà dípò rẹ̀. Ní Bràsíl wọ́n yan igi kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní gameleira, wọ́n sì ń pe orúkọ Ìrókò mọ́ ọn títí di òní. Ẹbí òdán ni gameleira, èyí ni pé ìbátan ìrókò gan-an ni wọ́n mú. Mo rò pé oje funfun yẹn ni ó tọ́ wọn sọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ kóró. Láti nǹkan bí oṣù kejì ọdún títí di oṣù karùn-ún ni èso ìrókò ń gbó ní ilẹ̀ wa, ó sì yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Àdán ni olórí afúnrúgbìn rẹ̀. Àdán ńlá tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí koríko gbígbẹ, tí ń fò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, a máa jẹ èso náà lóru, a sì máa yà kóró rẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí ìyá igi. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ọ̀ràn yìí ní Gánà rí i pé òun ni ó ń tú kóró ìrókò ká jùlọ. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sọ òkò sí àdán.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí a ṣa èso tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́, kí oòrùn tó pa á. Kí a kó o sínú garawa omi, kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, títí yóò fi rọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ọwọ́ fọ́ ọ, kí a sẹ́ ẹ, kí a sì tún da omi mìíràn lé e lórí. Èyí tí ó bá léfòó, òfìfo ni, kí a dà á nù. Èyí tí ó bá rì ni ó ní ẹ̀mí nínú. Kí a tẹ́ ẹ sórí aṣọ ní ibòji, kí omi ara rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n kí a má ṣe sá a sínú oòrùn. Kóró náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí 400,000 fi lè wà nínú kílò 1, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún ilé-ìwé púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ nínú yàrá gbígbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Ẹni tí kò bá lè gbìn ín lójú ẹsẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ó dì í sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ amóhun-tutù.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, a ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú: ẹ má ṣe ṣa gbogbo kóró yín lábẹ́ ìyá igi kan ṣoṣo. Bí ẹ bá lè rí ìyá 4 tàbí 5, ẹ mú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya ebè wọn sọ́tọ̀.

Ebè irúgbìn kò ní ìṣòro púpọ̀. Kí a po ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ iyanrìn, kí a kù ú kúnná, kí a sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kóró ìrókò ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí ó tó hù, nítorí náà a kì í bò ó mọ́lẹ̀ bí àgbàdo. Kí a fọ́n ọn sórí ilẹ̀, kí a rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí a sì gbọn iyanrìn tín-ín-rín lé e. Kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà sókè rẹ̀, kí a sì máa fi agolo tí a lu nídìí bomi rin ín ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nítorí omi tí a bá dà gìrọ́ láti inú garawa yóò gbá kóró náà lọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 yóò hù. Nígbà tí ó bá yọ ewé 4, kí a ṣí i lọ sínú àpò ọ̀rá tàbí sínú ọparun tí a gé ní ìkéékèèké. Ewé rẹ̀ ni kí a dì mú, kì í ṣe ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí ó bá ti fìdí múlẹ̀ kí a máa dín imọ̀ orí àtíbàbà kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó baà lè mọ oòrùn.

Inú ebè yìí gan-an ni ọ̀tá rẹ̀ ti máa ń bá a. Phytolyma ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò náà, ìrókò nìkan pẹ̀lú irú rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Abo rẹ̀ a máa yé ẹyin sí ọ̀mùnú àti ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ní nǹkan bí ọjọ́ 8, ẹyin a pa, ọmọ kòkòrò a dá ara ewé lu, a sì wọ inú rẹ̀. Láàrin ọjọ́ 1 tàbí 2, ibi tí ó wọ̀ a wú, a sì pa dé mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí eéwo. Nínú ilé náà ni ó ti ń jẹ tí ó ti ń mu. Òjò kò pa á, ẹyẹ kò rí i, oògùn tí a bá fọ́n sára ewé kò sì kàn án. Bí ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 bá pé, eéwo náà a là, kòkòrò a sì fò jáde pẹ̀lú ìyẹ́ láti lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ibi tí ó là kì í san. Irú ohun tí ń mú àkàrà àtàná bu a wọ ojú egbò náà, ọ̀mùnú a jẹrà, ìjẹrà náà a sì máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tí igi ti le.

Ìrókò kì í juwọ́ sílẹ̀ kíákíá. A tún rú láti ìsàlẹ̀, ọ̀mùnú tuntun a yọ, kòkòrò a sì tún padà wá, nítorí ọ̀mùnú tuntun ni ó ń wá. Báyìí ni ọmọ igi tí ó yẹ kí ó ti ga ju ènìyàn lọ yóò fi di ìgbẹ́ kékeré tí kò ju orúnkún lọ, ẹ̀ka yóò pọ̀ lára rẹ̀ bí ìgbálẹ̀, agbára gbòǹgbò rẹ̀ yóò tán, yóò sì kú. Ẹni tí kò mọ kòkòrò yìí yóò ní ilẹ̀ ni kò dára, tàbí kí ó ní Olúwéré ni kò fẹ́.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, báwo ni ìrókò ṣe ń dàgbà nínú igbó láì sí olùtọ́jú? Ìdáhùn rẹ̀ ni ó kọ́ wa ní ọ̀nà tí a ó gbà gbìn ín. Nínú igbó, àdán a sọ kóró kan síhìn-ín, a sọ òmíràn sí ọ̀nà jíjìn. Igi mìíràn ni ó sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Kòkòrò náà kò tètè rí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá to 500 ọmọ ìrókò sórí ìlà nínú oòrùn gangan, láì sí igi mìíràn láàrin wọn, ó ti tẹ́ tábìlì fún kòkòrò náà nìyẹn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí oko ìrókò púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nìyí, ó sì wà lára ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba fi yíjú sí tíìkì àti gmelina, igi àjèjì méjèèjì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbìn ín sí ilé-ìwé, ọmọ ìrókò 10 tí ó jìnnà sí ara wọn sàn ju 100 tí ó wà lójú kan. Kí igi mìíràn wà láàrin wọn: àgúnmániyè dára, ọsàn dára, ògẹ̀dẹ̀ pàápàá dára fún ọdún kìn-ín-ní àti ìkejì, nítorí ibòji tí kò pọ̀ jù a máa dín ìyọnu kòkòrò náà kù. Mo ní ibòji tí kò pọ̀ jù. Igi tí ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni ìrókò. Bí ó bá pẹ́ lábẹ́ òkùnkùn kò ní í ga. Nígbà tí orí rẹ̀ bá ti fẹ́ kan ewé ògẹ̀dẹ̀, ẹ gé ògẹ̀dẹ̀ náà kúrò.

Ohun kejì ni iṣẹ́ ojú tí mo sọ níṣàájú. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí ọmọ kòkòrò bá ń lo ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán nínú eéwo kí ó tó jáde, ẹni tí ó bá ń yẹ igi rẹ̀ wò ní ọjọ́ 7-7 yóò bá ọ̀pọ̀ eéwo kí ó tó là. Kí ó já ewé náà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dì, kí ó sì fi iná sun ún. Bí ó bá sọ ọ́ sílẹ̀ lásán, kòkòrò tí ó ti gbó nínú rẹ̀ lè jáde. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ líle. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta lè ṣe é ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan kí agogo tó lù, ojú wọn sì mú ju tiwa lọ. Àwọn kan yóò béèrè oògùn apakòkòrò. Ó wà, èyí tí ń wọ inú igi lọ sì lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ kòkòrò náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́ tán, a ó sì tún fọ́n òmíràn. Májèlé ni, n kò sì rò pé ó yẹ kí ó wà ní àrọ́wọ́tó àwọn ọmọdé nítorí igi 10.

Ohun kẹta ni ìdí tí mo fi ní kí a ṣa kóró lábẹ́ ìyá púpọ̀. Àwọn onímọ̀ igbó ní Gánà ti fi ọmọ oríṣiríṣi ìyá wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé wọn kò rí bákan náà lójú kòkòrò yìí. Ọmọ ìyá kan yóò kú tán. Ti ìyá mìíràn yóò wú díẹ̀, eéwo rẹ̀ yóò kéré, yóò sì le koko, ọmọ kòkòrò yóò sì kú sínú rẹ̀. Bí a bá ti ya ebè wọn sọ́tọ̀, a ó mọ ìyá tí a ó tún padà sí lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀. Ní èrò tèmi, ìmọ̀ yìí ṣe iyebíye ju igi tí ẹ gbìn lọ, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìyá rere ní àdúgbò rẹ̀ lè fún gbogbo ilé-ìwé ìtòsí ní kóró.

Nígbà tí òjò bá ti dúró ṣinṣin ni kí a gbé e lọ sí ibi tí yóò wà títí ayé rẹ̀. Ẹ má ṣe yan akúrò, nítorí ìrókò kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ jíjìn tí omi ń là kọjá ni ó wù ú. Ẹ má sì ṣe gbìn ín sítòsí ilé. Ẹsẹ̀ bàtà 60 sí ògiri ni mo rò pé ó kéré jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá wo ọ̀pá kékeré náà lónìí yóò rẹ́rìn-ín. Kí a ya àpò ọ̀rá kúrò, kí a má ṣe fọ́ ilẹ̀ tí ó wà ní gbòǹgbò rẹ̀, kí a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Ọ̀nà mìíràn tún wà fún ọmọ igi tí ó ti lo bí ọdún kan nínú ebè, tí ó sì ti tóbi tó àtàǹpàkò: kí a gé orí rẹ̀ kúrò kí ó ku ínǹṣì 2 lókè ilẹ̀, kí a gé gbòǹgbò rẹ̀ kí ó ku ínǹṣì 8 tàbí 9, kí a sì gbin kùkùté náà. Yóò rú láti ìsàlẹ̀. Ọ̀nà yìí rọrùn bí ibi tí a ń gbé e lọ bá jìnnà, nítorí a lè di 20 pọ̀ bí igi ìdáná, kí a fi àpò tútù bò wọ́n.

Yálà kùkùté ni a gbìn, tàbí igi tí kòkòrò ti jẹ orí rẹ̀, ẹ̀ka púpọ̀ ni yóò yọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí ni òwe wa ti di ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀mùnú náà bá gùn tó ìbú ọwọ́, kí a yan ọ̀kan tí ó tọ́, tí ó sì ní ìlera jùlọ, kí a fi ọ̀bẹ mímú gé ìyókù mọ́ ara igi. Bí kòkòrò bá tún jẹ orí èyí tí a yàn, kí a gé e sí ibi tí ó yè, kí a sì tún yan òmíràn. A lè ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ọdún 3 tó pé, kò sì yẹ kí ó mú wa rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ̀ka 5 tí ń dàgbà pọ̀ kò lè di igi pákó láéláé.

Ìyókù jẹ́ ohun tí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀. Ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́, nítorí náà kí a fi ọparun sọgbà yí i ká. Koríko yóò bá a du omi, nítorí náà kí a máa ro ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3 yí ká, kí a sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ibẹ̀ láì jẹ́ kí ó kan ara igi. Bí ọyẹ́ bá dé, kí a kó koríko gbígbẹ náà kúrò, kí a sì ro ojú ilẹ̀ gbòòrò yí igi náà ká nítorí iná ìgbẹ́.

Igi tí ó bá ti ga ju orí àgbàlagbà lọ dáadáa, tí ó sì ti lo ọdún 3 tàbí 4, lè máa tọ́jú ara rẹ̀. Kòkòrò náà lè ṣì máa bá a, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti pa á. Láti ìgbà náà lọ, ènìyàn ni ó yẹ kí a máa ṣọ́. Àwọn kan a máa bó èèpo rẹ̀ fún oògùn; bí wọ́n bá bó o yí ká, igi náà yóò kú, bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Àwọn mìíràn a máa dáná pàǹtí sí ìdí rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ọ̀nà a máa gé gbòǹgbò rẹ̀ pupa tí ó yọ sókè ilẹ̀. Yóò tó bí ọdún 80 kí ó tó tóbi tó èyí tí onípákó ń wá, ẹ̀yìn ìgbà náà ni ayùn wọn yóò sì bá òkúta pàdé nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Ìrókò a máa kó èròjà ẹfun jọ láti inú ilẹ̀. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-rín tí ojú kò lè rí a máa bá a sọ ọ́ di òkúta nínú igi àti nínú ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2004 láti ilẹ̀ Ivory Coast, a fihàn pé ilẹ̀ abẹ́ ìrókò kò kan bí ilẹ̀ tí ó yí i ká, nítorí ẹfun yìí. Lára afẹ́fẹ́ tí igi náà fà símú ni ó fi ń mọ òkúta náà, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ pẹ́ títí lẹ́yìn tí igi bá ti rà. Káfíńtà kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ó ba ayùn òun jẹ́, àti pé lẹ́búlẹ́bú pákó ìrókò a máa yún òun lára, a sì máa di òun ní imú.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan àwa tí a ó jẹ́ olùkọ́. Igi yìí ń fẹ́ ọdún 3 lójú ẹnì kan, a kì í sì í jẹ́ kí olùkọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé kan nígbà púpọ̀. Ẹni tí ó gbìn ín lè gba ìwé ìṣípòpadà kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba ipò rẹ̀ yóò bá ọ̀pá kékeré kan tí ewé rẹ̀ ní eéwo, yóò sì fà á tu. Nítorí náà, kí ẹ ṣí ojú ewé kan fún un nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé yín. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣa kóró àti ibi tí ìyá igi kọ̀ọ̀kan wà. Iye tí ó hù lábẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan àti iye tí ó kú. Èyí tí eéwo rẹ̀ kéré tí ó sì le. Ọjọ́ tí ẹ gbé e sí ilẹ̀, àti ìwọ̀n gíga rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ kọ orúkọ kíláàsì tí ń já eéwo ní ọjọ́ Ajé. Kí ẹ sì so okùn pupa mọ́ ẹ̀ka tí ẹ yàn, kí ẹ kọ èyí náà sílẹ̀, kí ẹni tí ń bọ̀ má baà gé e mọ́ àwọn ìyókù.